Ariwo Kékeré Nínú Iṣan Àkèré

Ẹ̀gbọ́n kò kúrò ní Abẹ́òkúta rí. Iṣẹ́ alápatà tí ó bá lọ́wọ́ bàbá wọn ni ó ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń tọ́jú irinṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ. Nígbà tí ó dé, ẹ̀gbọ́n bi í léèrè ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ń wá gan-an.

“Ẹ̀yin náà ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa màlúù, tí ẹ gbé itan rẹ̀ lé pákó, ǹjẹ́ ẹran náà kì í gbọ̀n fúnra rẹ̀?”

“A máa gbọ̀n dáadáa! Ọmọ iṣẹ́ tuntun a sì máa sá.”

“Báwo ni iṣan tí ó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ṣe ń sọ fún ẹran ara pé kó mira? Ohun tí Bernard Katz fi ayé rẹ̀ wá nìyẹn.”

Ìlú Leipzig ní Jámánì ni wọ́n ti bí Katz ní 1911. Ará Rọ́ṣíà ni bàbá rẹ̀, awọ ẹran onírun ni ó ń tà. Júù ni wọ́n. Hitler gbàjọba ní 1933. Nígbà tí Katz parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1934, kò sí ọ̀nà fún un nílé mọ́. Ní 1935 ó dé University College ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì A. V. Hill.

“Ìyẹn ni pé kì í ṣe owó ni ó wá lọ,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Ẹ̀mí rẹ̀ ni ó gbé sá. Ní 1939 ó tún kọjá sí Sydney ní Ọsirélíà, ogun sì bá a níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ rédà fún àwọn ológun òfurufú wọn. 1946 ni ó tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù.”

Ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òun àti Paul Fatt yọ ẹran ẹsẹ̀ àkèré, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀. Wọ́n fi iná fa páìpù dígí títí ẹnu rẹ̀ fi tín-ín-rín ju ìdá kan nínú 1,000 mílímítà lọ, wọ́n sì tì í bọ inú ẹran náà níbi tí iṣan ti pàdé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣan, síbẹ̀ ìlà iná tí ó wà lójú ẹ̀rọ ń ta sókè léraléra. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì millivolt lọ.

“Bóyá ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́.”

“Ohun tí ẹlòmíràn ìbá sọ nìyẹn, á sì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn sún páìpù náà síwájú díẹ̀ lára ẹran kan náà, títa náà kò sí mọ́. Wọ́n dá a padà síbi ìpàdé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi curare sí i, oró tí àwọn ọlọ́fà Gúúsù Amẹ́ríkà ń lò, ó rẹlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣan ni ó ń sọ̀rọ̀.”

Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1952. Lẹ́yìn náà, òun àti José del Castillo dín calcium inú omi náà kù. Nígbà tí wọ́n wá ta iṣan jí, èsì rẹ̀ ń wá bí ẹni ń fi kóńgò wọn gààrí: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, kò sí ìdajì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ẹ̀rọ awò alágbára fi hàn pé àpò kéékèèké kún ẹnu iṣan. Acetylcholine, èròjà tí ó ń gbé iṣẹ́ láti ẹnu iṣan dé ara ẹran, ni ó wà nínú wọn. Bí iṣẹ́ bá dé láti ọpọlọ, ó lé ní 100 àpò tí ń tú lẹ́ẹ̀kan náà sínú àlàfo àárín iṣan àti ẹran. Àlàfo náà kéré débi pé nǹkan bí 20,000 irú rẹ̀ ni yóò pé mílímítà kan.

Katz gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970, pẹ̀lú Ulf von Euler àti Julius Axelrod.

“Ẹ̀bùn dára,” ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. “Ṣùgbọ́n kí ni ẹsẹ̀ àkèré ṣe fún aláìsàn?”

“Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis. Ara ẹni a máa gbógun ti ibi tí ẹran ti ń gba acetylcholine. Ní 1934, dókítà Mary Walker ní Greenwich fún obìnrin kan tí ó ní in ní oògùn tí wọ́n ń rí lára èso Kálàbá.”

“Kálàbá tiwa níbí?”

“Tiwa níbí. Ara obìnrin náà le fún wákàtí mélòó kan. Oògùn náà kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè bàjẹ́. Iṣẹ́ Katz àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo náà gan-an.”

Ẹ̀gbọ́n ronú díẹ̀. “Aránṣọ kan wà ládùúgbò wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní lè jẹ ẹran lẹ́nu mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á tún dá. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni.”

“Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó jọ àìsàn yìí. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ. Kó má gbàgbé láti sọ pé ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń le jù, torí ọ̀rọ̀ yẹn á la dókítà lójú.”

“Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá ra ẹran ní Sátidé. Ìwọ ni wàá bá a sọ ọ́, Àjàní. Èmi á jókòó tì yín.”