Ibodè Párísì Tí Mọ́tò Ń Gbà

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé ní Párísì, tí ó sì ránṣẹ́ pé kí ẹ wá kí òun, títì ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Périphérique ni wọ́n ń pè é. Ó yí ìlú náà ká bí ọjá ti ń yí ìbàdí ìyálọ́mọ ká, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 35.

Ọ̀pọ̀ ibi tí mọ́tò ń gbà wọ̀ ọ́ tàbí bọ́ kúrò nínú rẹ̀, porte ni orúkọ rẹ̀: Porte d'Orléans, Porte d'Italie, Porte de Bagnolet. Ẹnu ibodè ni ìtumọ̀ porte. Láàárín ọdún 1841 sí 1844 ni wọ́n mọ odi yí Párísì ká, gẹ́gẹ́ bí Ìbikúnlé ti mọ odi Ìbàdàn. Ní ọdún 1919 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó o. Ẹ̀bá ojú odi àtijọ́ yìí ni wọ́n la títì náà sí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1973. Odi lọ, orúkọ ibodè kò lọ.

Ọ̀nà méjì ni: ti inú àti ti ìta. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wa mọ́tò ní Faransé, nítorí náà ẹni tí ó gba ti inú yóò ní Párísì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹni tí ó gba ti ìta yóò ní àwọn ìlú ẹ̀bá Párísì. Láti pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle, títì A1 ni yóò gbé yín dé Porte de la Chapelle. Bí ilé ọmọ yín bá wà ní Montreuil, ti inú ni kí ẹ gbà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ ní Porte de Montreuil.

Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àlejò ni pé ẹni tí ó ń wọlé bọ̀ láti apá ọ̀tún ni ó ni ọ̀nà. Ẹni tí ó ti wà lórí títì tẹ́lẹ̀ ni yóò dẹsẹ̀ dúró dè é. Ní àwọn títì ńlá Faransé yòókù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Àwọn kan ń sọ pé odi náà kò tíì wó tán, nítorí títì yìí ṣì la àárín ará inú àti ará ìta. Ẹni tí ó sì ń tọ́ ọmọ nínú àwọn ilé gíga ẹ̀bá rẹ̀ mọ ariwo àti èéfín dáadáa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n dín eré sísá níbẹ̀ kù láti kìlómítà 70 sí 50 ní wákàtí kan. Ní Porte des Lilas, wọ́n tilẹ̀ bo apá kan títì náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbin ọgbà sórí rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré lórí koríko. Mọ́tò ń kọjá ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn.