Owó Tí Mo Pè Ní Èrè

Nígbà tí àṣírí mi tú, ọmọkùnrin tí mo rán lọ sí Àbíjàn láti máa bójú tó ìsọ̀ wa kò ní kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ọdún tó fi sìn mí níbẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Oṣù kan kò yẹ̀ tí mi ò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ gbogbo ohun tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san lé owó oṣù, mi ò san án ní Nàìjíríà, mi ò san án ní Côte d'Ivoire. Ohun tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ni mò ń pè ní èrè.

Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹ̀jìgbò, ìlú wa ní Ọ̀ṣun, torí mo mọ̀ pé a pọ̀ tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú tiwa, Àbíjàn kì í ṣe ìdálẹ̀. Láti ayé òyìnbó amúnisìn làwọn baba wa ti ń lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ń gbéra tààrà láti ìlú wa, á gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, á la Tógò kọjá, á gba Aflao wọ Gánà, á sì gba Elubo já sí Noé ní Côte d'Ivoire. Wọ́n ń ṣẹ́ owó sẹ́fà láàárín ìlú. Ọmọ tó ń sọ Faransé fatafata ní Ẹ̀jìgbò kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí ọdún bá sì dé, àwọn ará Àbíjàn á kún ilé bí ẹni pé wọn ò lọ rí. Ìfaramọ́ra yẹn ló tàn mí jẹ. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi àti àna mi ń gbé, mi ò rò ó láé pé òfin iṣẹ́ ibẹ̀ lè mú mi.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ là ń tà. Mo ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òṣìṣẹ́ wa sì ju 15 lọ. Nílé, mò ń yọ owó orí wọn fún ìjọba Ọ̀ṣun, mo sì ń san owó ìfẹ̀yìntì bí òfin ọdún 2014 ṣe là á kalẹ̀: òṣìṣẹ́ á san ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, èmi á san ìdá 10. Nígbà tí mo ṣí ìsọ̀ sí Adjamé ní Àbíjàn, mo mú ọmọ tó dáńtọ́ jù láàárín wọn, mo rán an lọ. Oṣù tó gbéra ni mo dá owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró. Mo ní ẹni tó ti kúrò ní Nàìjíríà ti bọ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Mo tún ní ọmọ ECOWAS ni, kò gba físà, kí wá ni Côte d'Ivoire fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 1979 gbà wá láyè láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àfikún ọdún 1986 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀ ká sì ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2007, Côte d'Ivoire fagi lé carte de séjour, ìyẹn ìwé ìgbélùú, fún ọmọ ECOWAS, gbogbo wa sì yọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kí agbanisíṣẹ́ má san owó orí òṣìṣẹ́. Níbi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba owó orí iṣẹ́ náà. Ní Àbíjàn, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ máa yọ ọ́ lóṣooṣù. Ó tún gbọ́dọ̀ forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní CNPS, àjọ tó ń bójú tó ìfẹ̀yìntì àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ níbẹ̀. Ìdá 6.3 ni òṣìṣẹ́ ń san fún ìfẹ̀yìntì, ọ̀gá ń san ìdá 7.7. Ti ìjàǹbá, ọrùn ọ̀gá nìkan ló wà. Nílé pàápàá, wíwọ ọkọ̀ lọ lásán kọ́ ló ń dá owó orí dúró. Wọ́n á wo ibi tí èèyàn fi ṣe ibùgbé àti bóyá ó lo ọjọ́ 183 nílé lọ́dún, ohun tí mi ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Náírà ni mo ṣírò owó oṣù rẹ̀ sí. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó 75,000 sẹ́fà mọ́, iye tí òfin ibẹ̀ ti sọ láti oṣù kìíní ọdún yẹn pé òṣìṣẹ́ ìsọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí. Ọmọ náà kò ráhùn. Èmi náà kò ṣírò ó.

Ọjọ́ tí gíá-bọ́ọ̀sì já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ ni àṣírí tú. Wákàtí 48 ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti kéde ìjàǹbá, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kéde ẹni tí mi ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Owó ilé ìwòsàn, gbèsè owó ìfẹ̀yìntì, owó orí tí mi ò yọ àti owó ìtanràn, orí mi ni gbogbo rẹ̀ já lé. Mo ta ìsọ̀ náà kí n tó rí i san, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò sì pa dà bọ̀ sípò dáadáa.

Ìyá rẹ̀ wá sílé mi. Kò pariwo. Ó ní, "Alhája, ọwọ́ yín ni mo fi ọmọ mi lé. Ẹ ní iṣẹ́ olówó oṣù ni." Mi ò rí èsì fọ̀, torí òótọ́ ló sọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ ní Adjamé, ní Treichville tàbí ní Bouaké, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá ní nọ́ńbà CNPS. Bí wọn ò bá ní in, ẹ wá ẹni tó mọ òfin ibẹ̀, kẹ́ ẹ lọ forúkọ wọn sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.