Ilẹ̀ ni Atamátàsé Fi Ń Bẹ̀rẹ̀: Láti Ìgbókọ̀dá dé Ayétòrò

Ìgbókọ̀dá ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń lọ sí etí òkun Ìlàjẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìlú yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èbúté rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi sì ti ń gbéra lọ sí Ugbònlà, Ayétòrò àti àwọn abúlé tó wà létí òkun. Òórùn ẹja yíyan ni yóò kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú yóò rí àwọ̀n: àwọ̀n tuntun lórí àtẹ, àwọ̀n tó ya lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Ọmọ Ìlàjẹ mọ àwọ̀n kí ó tó mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọ̀n mìíràn ni ọkàn wọn ń fà sí, èyí tí a ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ló wà lọ́rùn wọn bí wọ́n ti ń tukọ̀.

Ibo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti máa sáré? Ní Àràròmí, lápá ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn wà létí òkun. Bí a bá ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, iyanrìn á dópin, ẹrẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Etí òkun ẹrẹ̀ Màhín ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe agbègbè yìí. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí níbẹ̀, afárá pákó ló sì so ilé mọ́ ilé. Ibi tó bá gbẹ díẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ń ṣe pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣìnà, omi ló ń bọ́ sí, ẹni tó gbá a ni yóò sì wẹ̀ lọ mú un wá.

Ayétòrò nìkan tó ìtàn fún odidi ọjọ́ kan. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín èrè, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá kò tíì ní in. Lónìí, òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ibi iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti kó ilé rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ilé bá ń sá fún òkun, ta ni yóò bèèrè pápá ìṣeré?

Síbẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ló sì yẹ ká wò ká tó pe ọmọ ní atamátàsé. Eré àsápajúdé, dídúró lójijì, yíyí padà níwájú ẹni tó ń ṣọ́ni: ilẹ̀ tó le ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́ gbogbo wọn. Ọmọ tí ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀ lè lágbára, ó sì lè mọ omi wẹ̀ bí ẹja, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò ti dá àrà náà wò.

Ẹ wo Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní ọdún 2000. Ní 2019 ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway. Orúnkún rẹ̀ fara pa gidigidi níbẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó padà sórí pápá. Ó kọjá sí Union Saint-Gilloise ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 2022, ó gbá góòlù 6 wọlé nínú ìdíje Europa League, òun àti Marcus Rashford sì jọ pín ipò kìíní. Bayer Leverkusen ní Jámánì rà á ní 2023. Ó gbá góòlù 14 wọlé nínú líìgì ní sáà náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife ẹ̀yẹ Bundesliga fún ìgbà àkọ́kọ́ láìpàdánù eré kankan. Nínú sáà yẹn kan náà, ìfarapa kò jẹ́ kó bá Super Eagles lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Ivory Coast. Ní 2025, ẹgbẹ́ Milan ṣe àyẹ̀wò ìlera fún un, wọn kò sì gbà á mọ́. Werder Bremen ló yá a.

Bí iṣẹ́ atamátàsé ti rí nìyẹn. Orúnkún kan ló gbé e dúró, bí òpó kan ti ń gbé ilé dúró lójú omi. Ẹni tó rí pápá sáré ní kékeré pàápàá ń bá a jà. Kí ni ká sọ nípa ẹni tí kò rí?

Ìṣòro ilẹ̀ yìí kò mọ sí etí òkun. Ní 2012, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje CAF Champions League. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba Al Ahly ti Íjíbítì lálejò, tí wọ́n ta ọ̀mì 3–3, kì í ṣe Àkúrẹ́ tí í ṣe ilé wọn.

Nínú omi Ìlàjẹ ni epo rọ̀bì wà tó sọ Oǹdó di ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń pèsè epo. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ odi tí yóò dá òkun dúró, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká ka pápá mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún tó ọmọ méjìlélógún láti fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, ó sì tó ọ̀kan nínú wọn láti fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun lè gbé òun dé ibi tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Kí ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó sì ra bọ́ọ̀lù dání fún àwọn ọmọ. Kí ó ra méjì, nítorí omi yóò gbé ọ̀kan lọ.