Àwa Ọmọ Àbújá àti Ọwọ́ Tó Ń Súre

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Àwọn òbí wa tẹ̀ lé fáìlì ọ́fíìsì wọn, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Inú ìyá wọn ni àwọn kan nínú wa ṣì wà. Bí a ṣe di ọmọ ìlú tí kò sẹ́ni tó lè pè é ní ilé bàbá òun nìyẹn, àfi àwọn Gbagyi àtàwọn yòókù tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Èdè Òyìnbó la fi ń ṣeré. Ìbéèrè tí a kórìíra jù ni "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Àwọn ẹgbẹ́ wa kan ní àdúgbò Kubwa àti Jikwoyi ní ìdáhùn tiwọn. Ìgbò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní Júù ni àwọn. Wọ́n ní sínágọ́gù: Gihon wà ní Jikwoyi, Tikvat Israel wà ní Kubwa. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wọn ló ti ṣe Kristẹni rí kí wọ́n tó jókòó ti ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àdúrà Hébérù. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ o. Òǹkọ̀wé Olaudah Equiano ti fi àṣà Ìgbò wé ti Júù nínú ìwé tó tẹ̀ ní London ní 1789. Kí Yorùbá kankan má sì rẹ́rìn-ín, torí ìtàn pé Mẹ́kà ni a ti wá, lọ́dọ̀ Lámúrúdù bàbá Odùduwà, wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921.

A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Torí Sábáàtì wọn, wọn kì í wá sóde ọjọ́ Sátidé àfi tí oòrùn bá wọ̀, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni gbogbo ayẹyẹ wa. Ní 2017, ọ̀rọ̀ wọ kóòtù: nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fún Nnamdi Kanu, aṣáájú ẹgbẹ́ IPOB tó ń jà fún Biafra, ní béèlì, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn onídùúró mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣáájú Júù tó níyì. Látìgbà náà, ẹni tó dé fìlà pelebe àwọn Júù lọ gbàdúrà, ojú òṣèlú ni wọ́n fi ń wò ó. Ìjọba Ísírẹ́lì pàápàá kò kà wọ́n kún Júù.

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè. Ìyá á tan àbẹ́là kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá á gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan: kí Ọlọ́run ṣe ọkùnrin bí Éfúráímù àti Mánásè, kí ó ṣe obìnrin bíi Sárà, Rèbékà, Rákélì àti Léà. Ìre tí Jékọ́bù sú fún àwọn ọmọ Jósẹ́fù ni ti ọkùnrin yẹn, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 48. Wọ́n á wá súre sórí wáìnì àti búrẹ́dì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni o, wọn kì í dúró de ọjọ́ ìbí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn wá, torí àwa náà ní irú ìwúre bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń kọlà fún ọmọkùnrin tiwọn ni àwọn òbí wa fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare sọ wá lórúkọ. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà ń ki wá, orí wa ń wú. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Orí WhatsApp ni ìwúre wà báyìí, a ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé tì í, ó parí. Àwọn tó lọ wá àdúrà tiwọn nínú ìwé ò jẹ́ kó bọ́. Àwa tí wọ́n fi tiwa tọ́ dàgbà la sọ ọ́ nù. Àwa kọ́ ló yẹ kó máa bi wọ́n bóyá Júù gidi ni wọ́n.

Ìyá àgbà tó kù fún ẹlòmíì nínú wa ṣì wà ní Ìkirè, ní Ìlá, ní Ìjẹ̀bú, fóònù sì ń wọlé síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ gbé fóònù náà sétí ọmọ yín.