Ta Ni Yóò Dúró Níwájú Rẹ̀?

Eré tí a fẹ́ràn jù lọ kì í ṣe èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń gbá ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Ní yàrá àwọn olùkọ́ níbi iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: « Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ rí nínú eré àwọn tí ń kan ara wọn bí àgbò? » A ti jáwọ́ nínú àlàyé gígùn. A kàn máa ń sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi nóòtì wọn ọmọ ọlọ́mọ ní ohun púpọ̀ láti kọ́ lára eré tí wọ́n ti ń ná òbítíbitì owó lọ́dọọdún láti mọ ohun tí ọmọ ọdún 21 yóò dà, tí wọn kì í sì í sábà mọ̀ ọ́n.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ kò mọ eré náà: ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti gbé e rin yáàdì mẹ́wàá síwájú. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Ẹni tí ó ń gba bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú ni wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ń sáré lọ ní ọ̀nà jíjìn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ní láti fi wo pápá, kí ó pinnu, kí ó sì jù, nítorí pé àwọn òmìrán ń bọ̀ wá gbé e ṣubú. Àwọn márùn-ún sì wà níwájú rẹ̀ tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n dí àwọn òmìrán náà lọ́nà. Yàtọ̀ sí ẹni àárín tí ń fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, àwọn márùn-ún yìí kì í sábà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ekukáká sì ni ẹ fi máa rí orúkọ wọn lẹ́yìn ẹ̀wù tí àwọn ọmọdé ń wọ̀.

Ní òpin oṣù kẹrin ni ayẹyẹ ìyàn, tí wọ́n ń pè ní draft, máa ń wáyé. Aago kan òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tiwa. Ẹgbẹ́ 32 yóò máa mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìpele méje. Òfin rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí ó ṣe tì jù lọ ní sáà tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú, àyàfi bí ó bá fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Wọ́n ṣe é kí àwọn ẹgbẹ́ lè dọ́gba, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bí ni pé ọmọ tí wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n jù lọ, ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò jù lọ ni wọ́n ń mú un lọ. Bí òjò bá wá pa á fún ọdún méjì, wọ́n á ní ọmọ náà kò gbọ́n.

Ní ọdún 2002, Houston Texans, ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì gbá sáà kankan rí, fi ipò kìíní mú David Carr láti Fresno State. Ní sáà yẹn, ìgbà 76 ni wọ́n gbé e ṣubú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí a rí iye náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á. Eré 16 ni wọ́n ń gbá lọ́dún nígbà náà, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà márùn-ún nínú eré kọ̀ọ̀kan. Carr kò di ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò dà. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ó já aráyé kulẹ̀. Nínú ìwé tiwa, orúkọ àwọn tí ó kọ́lé láìní ògiri ni a kọ síbẹ̀.

Ìran wa mọ ohun kan nípa ìsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn aṣàyẹ̀wò Amẹ́ríkà ìbá kọ́. Bí a bá bí ọmọ, àwọn tí ó ṣì ń tẹ̀lé ìṣe àwọn baba wa a máa tọ babaláwo lọ fún àkọsẹ̀jayé. Ifá yóò sọ irú ẹ̀dá tí ọmọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní dúró síbẹ̀: yóò sọ ẹbọ tí òbí gbọ́dọ̀ rú, yóò sọ èèwọ̀ tí ilé gbọ́dọ̀ bá ọmọ pa mọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ọmọ di iṣẹ́ fún ilé. Àwọn aṣàyẹ̀wò wọ̀nyí ń wọn gíga ọmọ, wọ́n ń wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi ń sáré yáàdì 40, wọ́n á sì dá Ifá tí kò ní ẹbọ nínú.

A kò ní fi Tom Brady dá yín dúró pẹ́. Ipò 199 ni wọ́n ti mú un ní ọdún 2000, ìtàn náà sì ti di ohun tí gbogbo olùfẹ́ eré yìí mọ̀ lórí. Ti Patrick Mahomes ló wù wá ju ìyẹn lọ. Ní 2017, Chicago Bears fi ipò kejì mú Mitchell Trubisky, wọ́n fi Mahomes sílẹ̀ fún Kansas City ní ipò kẹwàá. Títí di òní ni wọ́n ń fi Chicago ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí ni Kansas City ṣe fún Mahomes? Wọ́n ní kí ó jókòó sẹ́yìn àgbà kan, Alex Smith, kí ó máa wò, kí ó máa kọ́. Eré kan ṣoṣo ló gbá lọ́dún náà, èyí tí ó kẹ́yìn sáà. Ní ọdún kejì wọ́n dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí ọmọ kan náà ìbá dà ní Chicago.

Ọ̀rọ̀ Chicago kò tán. Ní 2024 wọ́n fi ipò kìíní mú Caleb Williams láti USC. Washington fi ipò kejì mú Jayden Daniels láti LSU. Àwọn méjèèjì ti gba Heisman, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ní òpin sáà, Washington ti borí nínú eré 12, wọ́n sì dé eré tí ó ṣáájú Super Bowl. Chicago borí nínú márùn-ún péré, wọ́n sì gbé Williams ṣubú ní ìgbà 68. Ni àríyànjiyàn bá gbóná: ṣé Daniels kọ́ ni Chicago ìbá mú? Lójú tiwa, ẹni tí ń bèèrè bẹ́ẹ̀ kò wo àwọn márùn-ún náà. Ó dà bíi pé àwọn aláṣẹ Chicago wò wọ́n, nítorí kí ìyàn 2025 tó dé, wọ́n ti mú Joe Thuney wá láti Kansas City, Jonah Jackson láti Los Angeles, àti Drew Dalman láti Atlanta: mẹ́ta tuntun nínú ìlà tí ó jẹ́ ti ènìyàn márùn-ún. Wọ́n tún gba Ben Johnson ní akọ́nimọ̀ọ́gbá láti Detroit. Èyí ni àwa ń pè ní ẹbọ.

Cleveland ńkọ́? Nínú ìyàn 2025 kan náà, wọ́n mú quarterback Dillon Gabriel ní ipò 94, wọ́n tún mú òmíràn, Shedeur Sanders, ní ipò 144, nígbà tí Joe Flacco àti Kenny Pickett ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ènìyàn 53 ni ẹgbẹ́ lè ní bí sáà bá bẹ̀rẹ̀, quarterback kan ló sì ń gbá a lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ariwo wà lórí ìdí tí Sanders fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Ní tiwa, ìyá tí ó ra fìlà mẹ́rin fún ọmọ tí kò ní ṣòkòtò ni a rí.

Nínú ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́, ojú wa a máa dúró lórí àwọn orúkọ tí a lè pè ju àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà lọ. Olúmúyìwá Fáṣànú, tí wọ́n ń kọ ní Olu Fashanu, jáde láti Penn State, New York Jets sì mú un ní ipò 11 ní ọdún 2024. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí ti Michigan gba ẹ̀bùn Rimington, ti ẹni àárín tí ó dára jù lọ, ní 2022, kí Seattle tó mú un ní ipò 154. Àwọn méjèèjì, ara àwọn márùn-ún náà ni wọ́n. Ẹni tí Olúwa tì lẹ́yìn ló wá ń ti quarterback lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ló ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká wa lára. Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, àwa olùkọ́ náà a máa jókòó yí tábìlì ká bí àwọn aṣàyẹ̀wò wọ̀nyẹn, láti sọ ọmọ tí yóò tẹ̀ síwájú, èyí tí yóò tún kíláàsì ṣe, àti èyí tí kò ní padà wá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. 13 nínú 20, 7 nínú 20, « peut mieux faire ». Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ọmọkùnrin kan tí ìṣirò ń yé bí ẹni mu omi, tí nóòtì rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Bàbá rẹ̀ ti kú láàárín ọdún. Ó ń ta kpayo lẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì sí iná nínú ilé tí ó ń sùn sí. A bi ìgbìmọ̀ léèrè pé ta ni ó dúró níwájú ọmọ yìí. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé nóòtì ni a wá kà, a kò wá ka ilé. Ọ̀pọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò sì rí àyè. Ó ń gun alùpùpù sẹ́míjàn báyìí. Bí ó bá rí wa lójú ọ̀nà, a dúró: « Monsieur, ẹ gùn ún. » Kì í fẹ́ gba owó wa.

Nínú bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn kan wà tí a kò tíì parí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Maryland, ẹni tí ó fi eré yìí mọ̀ wá. Cincinnati fi ipò kìíní mú Joe Burrow ní 2020. Kí ọdún náà tó parí, orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ lórí pápá. Ní ìyàn tí ó tẹ̀lé e, ipò karùn-ún jẹ́ tiwọn. Penei Sewell wà nílẹ̀, ọmọ Oregon, tí ìbá dúró níwájú Burrow. Ja'Marr Chase náà wà, tí òun àti Burrow jọ gbá bọ́ọ̀lù ní LSU, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sáré gba bọ́ọ̀lù. Chase ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n wa ní wọ́n ṣe é re, nítorí pé sáà yẹn gan-an ni Cincinnati dé Super Bowl. Wọ́n dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, Tennessee gbé Burrow ṣubú ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú eré kan ṣoṣo. Nínú Super Bowl náà, Los Angeles Rams gbé e ṣubú ní ìgbà méje, wọ́n sì fi 23 sí 20 borí.

Detroit ló mú Sewell, ní ipò keje. Ọdún kan náà ni Jared Goff dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìyàn 2016, tí Rams ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ bí ẹni tí àǹfààní rẹ̀ ti tán. Ní sáà 2024, lẹ́yìn Sewell àti àwọn mẹ́rin yòókù, Goff borí nínú eré 15 nínú 17. A fi iye náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí ó fi dáhùn: « Àbúrò, Detroit ti dé Super Bowl rí bí? »

A ṣì ń wá èsì tí a ó fún wọn.