Mo Lọ Wo Ijó Salsa ní Ìkẹjà

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí, ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mo sì fi ṣe ibùgbé. Ọmọ mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀gbà, lẹ́bàá Ìkẹjà. Ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé bí ọmọ náà bá ti jáde níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilé ijó ló máa ń gbà lọ, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń di ara wọn mú tí wọ́n ń jó ijó kan tí wọ́n ń pè ní salsa, àti pé owó ló ń san kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kò sùn mọ́jú. Èmi náà ní, "Ọmọ tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi parí ilé ẹ̀kọ́ fún!" N kò pè é lórí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Mọ́níyà. Ẹni tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní ọdún 2021, kí ó gbìyànjú kí ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tutù, ó mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí sí ènìyàn létí. A gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì sọ̀ mí sílẹ̀ ní Agége. Búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí bí ènìyàn bá dé Agége tí kò ra búrẹ́dì, ta ni yóò gbà pé ó débẹ̀?

Ìkẹjà kò ṣàjèjì sí mi. Àbúrò bàbá mi kan wà tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Ìkẹjà. Ó ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1962, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ má gbàgbé pé abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni Ìkẹjà wà nígbà náà. Ọdún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ọdún 1976 sì ni Ìkẹjà di olú ìlú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ìdí ẹ̀rọ ni Bàbá Ìkẹjà wà. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, á wẹ̀, á fi páúdà sọ́rùn, á wọ ẹ̀wù funfun ọlọ́wọ́ gígùn, ó di hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Agége níbi tí ó ti ń lu àkúbà nínú ẹgbẹ́ háíláìfù kan.

Mo lo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà méjì. Ó máa ń gbé mi jókòó sẹ́yìn àwọn onífèrè, á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, oorun á sì gbé mi lọ kí ìlù tó wọ̀ wọ́n lára tán. Háíláìfù ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá ti ń lẹ́ sí i, ẹ ó gbọ́ mambo, ẹ ó gbọ́ rumba, ẹ ó gbọ́ cha-cha-cha. Ibi tí wọ́n ti rí i kò ṣókùnkùn. Bàbá Ìkẹjà ní àpótí páálí kan tí àwo orin kún inú rẹ̀, wọ́n sì kọ GV sí ara àwọn àwo náà. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tí àmì rẹ̀ jẹ́ ajá tí ó tẹ́tí sí giramafóònù ló bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1933. Orin Kúbà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn ni El Manisero, tí ẹgbẹ́ Don Azpiazu kọ sínú àwo ní New York ní ọdún 1930: orin ọkùnrin tí ó ń kiri ẹ̀pà. Bàbá Ìkẹjà kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dàgbà ní ọjà Dùgbẹ̀ tí kò ní í mọ ìpolówó bí ó bá gbọ́ ọ.

Ní ayé ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ olórin bá fẹ́ gbayì, orúkọ tí ó dún bí ti àwọn ará ọ̀hún ni wọ́n ń wá. Adéolú Akínsànyà, Bàbá Ètò, pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Rio Lindo. Fẹlá pàápàá, Koola Lobitos ni ó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá Afrobeat sílẹ̀. Ìlù gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán lù, tí Bàbá Ìkẹjà ń lù yìí, kí ni a ń pè é? Àkúbà. Ẹ pè é lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fetí sí ohun tí ẹ pè.

N kò gbọdọ̀ purọ́ fún yín: ojú Bàbá Ìkẹjà ń tì wá nílé. Bàbá mi máa ń wí pé ọmọ Àyàn kọ́ ni wá, kí ni ọmọ ilé wa ń wá nídìí ìlù? Bí wọ́n bá bi wá léèrè iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá nìkan là ń dárúkọ. Ó kú ní ọdún 1994, kò sì bímọ, èmi ni wọ́n ní kí n kó ẹrù rẹ̀ wá sílé. Ohun tí mo ṣe sí àkúbà rẹ̀, n óò sọ ọ́ bí a bá débẹ̀.

Nítorí ilẹ̀ kò tíì ṣú, mo ní kí n rìn díẹ̀. Mo gba Ọba Akran. Ẹni tí ó mọ òpópónà yìí nígbà tí ìlé iṣẹ́ ń jí i, tí ìyípadà òṣìṣẹ́ sì ń dí ojú ọ̀nà, yóò mi orí. Dunlop kò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́. Ilé ìkẹ́rù tí ó ń gba ẹrù tẹ́lẹ̀ ti di ilé ìjọsìn, òmíràn ti di ibi ìtajà. Mo yà sí òpópónà Gbẹ́misọ́lá, níbi tí ilé Fẹlá wà, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012. Sàréè rẹ̀ wà níwájú ilé. Nínú yàrá, bàtà rẹ̀ tò lọ bí ẹni pé ó fẹ́ jáde, wọ́n sì sá àwọn pátá rẹ̀ síta fún aráyé wò. N kò rò pé èmi lè fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni Ginger Baker, òyìnbó onílù, ṣí ilé ìgbohùn sílẹ̀ ní ọdún 1973, Paul McCartney sì gba orin kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún náà. Ní Àgídíǹgbì, Fẹ́mi àti Yẹni ṣí Afrika Shrine tuntun ní ọdún 2000. Àwọn tí ó ń sọ pé ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà nìkan ni ó wà ní Ìkẹjà kò rìn ín dáadáa.

Nígbà tí ó di aago mẹ́fà ààbọ̀, mo gun àkàsọ̀ ilé alájà méjì kan nítòsí Allen. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sẹ́nu. Yàrá fífẹ̀ kan ni, díńgí wà lára ògiri, fáànù mẹ́rin ń ṣiṣẹ́, iná sì mọ́lẹ̀ kedere (èyí kò rí bí mo ṣe rò ó). Bí ogún ènìyàn ni wọ́n: òṣìṣẹ́ báńkì, nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fíléèjì. Bí ọmọ mi ti rí mi, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí?" Olùkọ́ ijó náà, ọmọdékùnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ: "Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ jókòó, sà." Nígbà tí wọ́n ti kí ènìyàn bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pariwo? Mo jókòó.

Ó tò wọ́n sórí ìlà, ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ó sinmi, àrún, ẹ̀fà, èje, ó tún sinmi. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo mọ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú igi kúkúrú méjì, ó ń fi ọ̀kan lu èkejì: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ó ní clave lórúkọ rẹ̀, pé Kúbà ló ti wá, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò lè jó.

Ẹ̀yin ará, ara mi bù mára. Igi méjì yẹn, lílù yẹn gan-an, ni ọkùnrin kúkúrú kan máa ń lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ìkẹjà ní hòtẹ́ẹ̀lì Agége. Ìbátan rẹ̀ ni kóńkóló tí agogo ń lù nínú orin ìbílẹ̀ wa. Mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ń mì lábẹ́ àga. Ọmọ mi rí i pẹ̀lú, ó sì yí ojú kúrò kí n má baà mọ̀ pé ó rí i.

Wọ́n wá fi orin sí i. Ohùn obìnrin ni, ohùn tí ó le bí irin tí ó sì dùn: Celia Cruz, ọmọ Kúbà, tí ó kú ní ọdún 2003. Láàárín èdè Sípéènì ni mo gbọ́ Yemayá. Mo ní kí wọ́n tún un fi sí i. Yemọja ni! Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, n kò bọ òrìṣà rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ní ìlú òkèèrè tí ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ilé bàbá rẹ̀, yóò dúró. Mo bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n mọ ẹni tí orin ń kì. Ẹnì kan ní bóyá orúkọ ìlú kan ni. Èyí dùn mí. Mo dìde, mo sì di olùkọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo sọ fún wọn pé nígbà ogun ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lùkùmí, àti pé ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Wọ́n gbé bàtá lọ sínú orí wọn. Mẹ́ta ni bàtá ní Kúbà títí di òní: wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù ní Iyá, wọ́n ń pe kékeré ní Okónkolo. Ṣùgbọ́n mo tún kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gba gbogbo rẹ̀ mọ́ Yorùbá lọ́wọ́. Ìlù tí a ń pè ní àkúbà, ọmọ àwọn ará Kóńgò ni ní Kúbà. Gìtá àti èdè jẹ́ ti Sípéènì. Salsa fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ Puerto Rico àti Kúbà tí ó wà ní New York ni wọ́n pò ó pọ̀, tí ilé iṣẹ́ Fania tí Johnny Pacheco àti Jerry Masucci dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 sì gbé e fún aráyé.

Ọmọ mi náà kò gbà kí n dá nìkan sọ̀rọ̀. Ó ní orin náà kò dúró síbi tí mo fi í sí. Ó sọ nípa Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní ilẹ̀ Benin, tí ó gbé àwo kan jáde ní ọdún 2019 láti fi yẹ́ Celia Cruz sí. Tony Allen, onílù Fẹlá, wà lára àwọn tí ó lùlù sí i, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2020. Ó sọ nípa àwọn ìbejì kan, ọmọ Angá Díaz tí ó jẹ́ ògbóǹtagí onílù ní Kúbà. Ibeyi ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń kọ orin Yorùbá láàárín Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Mr Eazi ti bá J Balvin ará Kòlóńbíà àti Bad Bunny ará Puerto Rico kọ orin ní ọdún 2019, àti pé Bad Bunny yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé fún orin reggaeton, fi salsa gidi sínú àwo tí ó gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025, tí àwọn ọmọdé sì tún ń wá orin àwọn bàbá wọn. Lójú tèmi, ó ti pọ̀ jù fún ìrọ̀lẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Nípa dídi ara mú tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ọwọ́, àyè wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá jó ẹyọ kan tán, wọ́n á pààrọ̀ ẹnìkejì. Ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní bachata tí ó ń fa ènìyàn mọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ náà. Ó ní, "Mo gbọ́, sà," ó sì ń rẹ́rìn-ín. Owó tí wọ́n ń gbà náà wọ́n díẹ̀.

A jáde ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ọmọ mi ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà fún mi ní ẹ̀bá ọ̀nà, a sì dúró de dáńfó tí yóò gbé wa dé Ọ̀gbà. Ó ń fi ìka lu ike omi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá mi, olùkọ́ wa ń wá àkúbà tí wọ́n fi igi gidi gbẹ́, kò rí rà. Ṣé ti Bàbá Ìkẹjà ṣì wà nílé?"

Mo ní kò sí. Mo ní mo tà á fún ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá ní ọdún tí ó kú.

"Èló, sà?"

"Irínwó náírà," ni mo wí. "Àwọn àwo GV ni mo fi ṣe ènì."