Lẹ́yìn Agbanisíṣẹ́ Ni Mo Dúró

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í yé bi mí, ìbáà ṣe níbi ìnáwó, ìbáà ṣe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé agbẹjọ́rò ni mí, tí wọ́n sì tún wá gbọ́ pé ẹ̀yìn àwọn agbanisíṣẹ́ ni mo máa ń dúró sí nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọn a ní, báwo ni èmi, tí ìyá mi ta èlùbọ́ ní ọjà Mile 12 kí n tó lè kàwé, ṣe máa rí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí n ó sì lọ di àmùrè láti gbèjà ẹni tí ó gbà á. N kò ka ìbéèrè náà sí àfojúdi rárá. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí owó oṣù ẹnìkan ti ń bọ́ ìyàwó, ọmọ, ìyá tí ó wà lóko àti àbúrò tí ó wà ní yunifásítì, ẹni tí a bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, agboolé kan ni a fi ebi pa. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí, tí ìbéèrè yẹn kò gún un lọ́kàn rí, ẹ̀rù irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ ń bà mí.

Ọ́fíìsì mi wà ní Anthony, níbi tí ọ̀nà Ìkòròdú àti ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Oshòdì lọ sí Gbàgádà ti pàdé. Bí mo bá tètè dé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró lójú fèrèsé wo àwọn tí ọkọ̀ BRT ń kó kọjá lójú ọ̀nà tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún un láti ọdún 2008: akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì, ọlọ́dẹ tí ó ń ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn tí ó jí ní Ìkòròdú àti Kétu nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, tí wọ́n gbé káàdì ilé-iṣẹ́ kọ́ ọrùn bí ẹni gbé oǹdè kọ́ra. Èkó Akéte, ìlú ọgbọ́n, Èkó àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, òwúrọ̀ ni ènìyàn ń rí ojú rẹ gan-an! Àwọn tí mo ń wò wọ̀nyí náà ni wọ́n ń di olùpẹ̀jọ́ lọ́jọ́ tí ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́ bá dé orí tábìlì wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn mìíràn ládùúgbò wa yìí, láti Mende títí dé Ṣómólú, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí káàánú: bàbá onítẹ̀wé tí ó yá owó kí ó tó lè san owó oṣù, àti ìyá oníbúrẹ́dì tí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé kó ìyẹ̀fun rẹ̀ tà. Agbanisíṣẹ́ ni òfin ń pe àwọn náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pe ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, ìdájọ́ tí ó bá sì de ilé-iṣẹ́ epo lọ́wọ́ yóò de ìyá oníbúrẹ́dì náà.

Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ti ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ìdájọ́ bá ti wáyé, tí ẹni tí ó jẹ̀bi kò sì gbà pé òun jẹ̀bi, ni wọ́n máa ń wá mi kàn, kí n lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí òfin ìjọba ológun dá ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ aáwọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Industrial Court. Nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ní oṣù kẹta ọdún 2011, gbogbo ẹjọ́ tí ó bá ti jẹ mọ́ iṣẹ́, owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ gíga yòókù, ó di ti Industrial Court nìkan. Èyí dára, nítorí ẹni tí ó bá ń gbọ́ irú ẹjọ́ kan lójoojúmọ́ a máa mọ ìdí rẹ̀ ju ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ àtúnṣe náà fi ohun kan sílẹ̀ láìdí. Wọ́n ní ẹni tí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sókè láìtọrọ ààyè bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ìwé òfin là sílẹ̀. Ní ti ohun mìíràn gbogbo, wọ́n tọ́ka wa sí òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò ṣe. A retí òfin náà títí, kò dé. Lákòókò náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ̀bi ní Industrial Court, tí owó tí wọ́n ní kí ó san lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kò mọ̀ bóyá ẹni tí òun lè ké sí wà lókè tàbí kò sí, nítorí pé ìjókòó Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kan a ní ọ̀nà ṣí, òmíràn a sì ní ó ti dí.

Ẹjọ́ Skye Bank àti Iwu ni ó tú okùn náà. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Èkó ni ó kó ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2017 ni èsì sì jáde, tí Adájọ́ Centus Nweze ṣe aṣíwájú ìdájọ́ tí ó borí: pé gbogbo ìdájọ́ Industrial Court ni a lè gbé lọ sókè, èyí tí kò bá ti kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí ẹni tí ó fẹ́ lọ kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn náà ni òpin ìrìn-àjò, nítorí ìwé òfin ti sọ pé ẹjọ́ irú èyí kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Báńkì náà kò jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ láti ọdún 2018, ṣùgbọ́n títí di òní, ó ṣọ̀wọ́n kí n kọ ìwé kan sí ilé-ẹjọ́ kí n má dárúkọ rẹ̀.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò sì fi pamọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń gbẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rò fajúro, wọ́n ní a ti fún olówó ní ọ̀nà tí yóò máa gbà fi ẹjọ́ falẹ̀ títí ebi yóò fi mú tálákà gba ohun tí a bá ṣẹ́ fún un. N kò lè pe ọ̀rọ̀ wọn ní irọ́. Mo ti rí agbanisíṣẹ́ tí kò ní ẹ̀hónú kan lọ́kàn, tí ó jẹ́ pé kí ọdún máa gorí ọdún nìkan ni ó ń wá, mo sì máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó wá agbẹjọ́rò mìíràn. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àwọn baba wa kò sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ nìkan. Adájọ́ kan, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olódodo tó, ènìyàn ni; Ọlọ́run Ọba adákẹ́dájọ́ nìkan ni kò sí àtúnyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ Rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé òṣìṣẹ́ tí ó jẹ̀bi ní Industrial Court, ọ̀nà tí ìdájọ́ ọdún 2017 là yìí náà ni òun ń gbà lọ sókè. Mo ti dúró láti dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ kan, mo sì ti rí i kí ó borí mi, kí wọ́n dá a láre níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a lẹ́bi.

Ìwé ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹlẹ́rìí tí yóò tún búra, kò sí ẹni tí yóò sunkún níwájú adájọ́, ohun tí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà ni a ní, ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Mo rántí ọ̀kan tí wọ́n gbé wá, ìdìpọ̀ mẹ́ta tí akọ̀wé mi fi apá méjèèjì gbá mọ́ra gun àtẹ̀gùn. Ilé-iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, ni ó lé ọkùnrin kan tí ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù-sí wọn, ọkùnrin náà sì ti borí wọn ní ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ bá kúẹ́rì tí wọ́n fún un pàdé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí ó fèsì láàárín wákàtí 24. Èsì rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí ó já nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ó ní ọ̀gá òun ló pàṣẹ kí òun kó ẹrù tí wọ́n ń wá náà fún awakọ̀ kan; ó kọ orúkọ ọ̀gá, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ó kọ aago tí ọkọ̀ jáde. Mo ń ṣí ìwé lọ, mo ń wá ibi tí wọ́n ti pe ọ̀gá náà kí wọ́n bi í léèrè, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni àkọsílẹ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀ ìbáwí, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkùnrin náà kò sí níjókòó, àti ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́ rẹ̀, tí déètì orí rẹ̀ fi ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ti ìjókòó náà.

Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tí mo fi déètì méjèèjì hàn án, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Lọ́yà, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kí a kó owó fún olè ni?” Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá olè ni, ẹ kò bi í. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.” Ó bínú, ó ní torí kí n lè jà ni òun ṣe sanwó fún mi. Mo ṣàlàyé fún un pé òfin kò fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti dúró de ọlọ́pàá tàbí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn kí ó tó lé ẹni tí ó hùwà ìbàjẹ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Yusuf àti Union Bank ní ọdún 1996. Ohun tí ó fi dandan mú un ṣe kò ju pé kí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni náà fún un, kí ó sì fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀, kí ó tó pinnu. Èyí tí kò le rárá yìí ni wọn kò ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò ọkùnrin náà, wọ́n san owó, ẹjọ́ parí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún àwọn agbanisíṣẹ́, ọ̀kan nínú èyí tí mo kà sí iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò wọ wíìgì nítorí rẹ̀.

Ibì kan wà nínú òfin wa tí kò yé dà mí láàmú. Bí ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí òfin dá sílẹ̀ bá gbà ọ́ síṣẹ́, ògiri ńlá wà lẹ́yìn rẹ. Ní ọdún 1981, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shitta-Bey, agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n dá Olaniyan àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tí kò jìnnà sí Anthony níhìn-ín, wọ́n ní sísan owó oṣù mẹ́ta fún ènìyàn kò lè rọ́pò ìlànà tí òfin yunifásítì là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aládàáni ni ó gbà ọ́, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa wò ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, nínú ẹjọ́ Chukwumah àti Shell ní ọdún 1993 ni ilé-ẹjọ́ sì ti tún un tẹnu mọ́ pé ọ̀gá lè sọ pé kí ìránṣẹ́ máa lọ, ì báà sọ ìdí, ì báà má sọ, a kò sì lè fi dandan gbé ìránṣẹ́ ka ọ̀gá lórí. Òfin iṣẹ́ wa ní kí ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ìkìlọ̀ oṣù kan. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sin ilé-iṣẹ́ kan, tí wọ́n lé láìkìlọ̀ fún un, tí ó pẹjọ́, tí ó sì borí, ohun tí ó lè rí gbà kò ju owó oṣù kan lọ, bí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi òfin yìí jà, mo sì ti fi ṣẹ́gun, nítorí òfin ni, iṣẹ́ mi sì ni.

Lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2011 ni Industrial Court bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ti kúrò níbẹ̀, pé kò bójú mu mọ́ kí a lé ènìyàn láìsọ ìdí. Ìlànà tí gbogbo ayé fi ń ṣe iṣẹ́, tí ìwé òfin ní kí ilé-ẹjọ́ náà máa wò, ni wọ́n gbé e lé, pàápàá àdéhùn 158 tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní ọdún 1982, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń dúró fún agbanisíṣẹ́ a máa fi àìfọwọ́sí yìí takò wọ́n, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ gbà á, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí oníbàárà fẹ́ kí n sọ, mo gbà gbọ́ pé àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn tọ̀nà. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹni tí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó fi ń bá ọmọ wí, kí ni yóò fi fà á mọ́ra? Agbanisíṣẹ́ tí ó ní ìdí tí ó dára, yálà òwò kò lọ mọ́ tàbí iṣẹ́ kò yé òṣìṣẹ́ náà, kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀, èmi gan-an yóò sì rí nǹkan gbá mú níwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ́kọ́ fi ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo bá a níbẹ̀ pé “a kò nílò iṣẹ́ yín mọ́” láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn, mo máa ń fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà pé, “Nítorí kí ni?” mo sì máa ń dá a padà. Àwọn kan a bínú gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú àwọn tí ó bá jókòó láti dáhùn ìbéèrè náà, púpọ̀ ni kì í fi ìwé náà ránṣẹ́ mọ́.